Àpò Ìpanu Orí Ẹ̀rọ

Ọ̀gá Liao gbé àpò ìpanu tí a máa ń fi sórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bí oògùn oríire, kó má baà ṣagídí, sókè.

“Ó ti kọjá ọjọ́! Abájọ tí ẹ̀rọ fi ń pe ṣíìpù kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní alábùkù. Bàbá Chiu, ẹ máa lọ sílé.”

Bàbá Chiu, olùtọ́jú ẹ̀rọ tó yẹ kó ti pààrọ̀ àpò náà, ń bọ́ aṣọ iṣẹ́.

“Ẹ̀rọ ò purọ́, ọ̀gá,” ni mo wí. “Tí ṣíìpù yẹn bá ti gbóná, ó ń ṣi ìṣirò ṣe. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ ló ṣàṣìṣe.”

“Yu-chen, dákẹ́! Ṣé o fẹ́ kí n béèrè orúkọ ẹni yẹn ni?”

“Ọmọ mi, fi í sílẹ̀,” Bàbá Chiu rọra sọ.

Mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà sí èjìká rẹ̀.

“Ẹ béèrè, ọ̀gá. Èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀.”