Ìdí Sìgá Inú Agolo

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Aláago máa ń wá. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe ní òpópónà kejì, ibẹ̀ lorúkọ náà ti mọ́ ọn lára. Yóò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, yóò jókòó, yóò gbé agolo kékeré kan lé tábìlì.

Obìnrin tó nilé ló pàṣẹ agolo. Òróró olóòórùn dídùn ló ń pò fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá: bí sìgá bá ń pè wọ́n, kí wọ́n ṣí ìgò, kí wọ́n fà á símú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí oníkálukú kó ìdí sìgá tó mu wá, kí òun kà á. Ó ní ẹnu amusìgá kò ṣeé gbára lé, àmọ́ ìdí sìgá kì í purọ́.

Ogún ni Bàbá kọ́kọ́ kó wá. Lọ́sẹ̀ kejì, méjìlá. Ó yẹ kínú obìnrin náà dùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé dá páro, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó pẹ́ lórí àga kejì yẹn àfi Bàbá. Wọn a sọ̀rọ̀ aago, wọn a sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dunni, títí tíì inú ife wọn á fi tutù. Bó bá jáwọ́, kí ni yóò tún máa wá ṣe? Lọ́sẹ̀ kẹta, òróró lásán ló rọ sínú ìgò rẹ̀.

Ìdí sìgá wá ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, ó rí ọ̀dà pupa tí obìnrin fi ń kun ètè lára méjì nínú wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó dùn ún wọra, àmọ́ kò bi Bàbá. Òórùn ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan ló béèrè.

"Ó dára ju tàtẹ̀yìnwá lọ," ni Bàbá wí.

Lọ́sẹ̀ kẹjọ, Bàbá wúkọ́. Bí àìsàn tó pa ọkọ obìnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà á gan-an, ó ti agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí òórùn kankan nínú ìgò yín. Mò ń bẹ̀rù pé bẹ́ ẹ bá jáwọ́, ẹ ò ní wá mọ́."

Bàbá fa agolo náà padà sáàárín tábìlì.

"Iwájú ilé iṣẹ́ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ń ṣa ìdí sìgá wọ̀nyẹn, màmá," ó ní, "mi ò mu sìgá rí láyé mi."