Lékèélékèé Fò Kọjá Orí Ọ̀pẹ

Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó bà lé Lékèélékèé bó ṣe ń balẹ̀ síwájú Igún, olórí ẹyẹ.

"Bàbá, ẹ ní kí ẹyẹ kankan má fò kọjá orí ọ̀pẹ. Ó ti sú mi!"

Igún họ orí rẹ̀ tó pá. "Ṣé kì í ṣe ìgbẹ́ rẹ ló bọ́ sínú ọbẹ̀ Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́? Ó dáa, máa lọ sórí ọ̀dàn tí kò sí ẹnikẹ́ni, kí o fò dé ibi tó bá wù ọ́. Ọjọ́ tí mo bá rí ẹnìkan nísàlẹ̀, àyè tí mo fún ọ yìí parí."

Lékèélékèé fò títí ọ̀dàn fi rí bí ẹní. Ó bojú wolẹ̀, kò rí ẹni tó ń wò ó. Ó bá figbe orin ta:

"Ẹ wá wo bí mo ṣe ga!
Fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀!
Ọ̀pẹ di koríko lójú mi!
Fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀!"

Ta ni yóò gbọ́ orin tí kò ní gbè é? Ehoro sáré dé, Ẹtù tẹ̀lé e. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ náà dé, ó fi ewé bo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Igún pàápàá dé, ó ń gbè é.

Nígbà tí orin parí, Igún gbójú sókè. "Ọmọ mi, ohùn rẹ dùn o. Àwa tá a wà nísàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

Lékèélékèé wo èrò. Ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìwọ̀n orí ọ̀pẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.