Ẹ̀rọ DJ Bàbá Rufus

Bàbá Rufus gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ Ajé kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Munir tó ń ta ẹ̀rọ orin, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ DJ. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Munir wo fìlà rẹ̀, ó wo sálúbàtà rẹ̀, ó sì fún un ní àga.

"Bàbá, ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

"Ọdún kẹta rèé tí mò ń bá a yí. Lọ́dún tó kọjá, fóònù àti sípíkà kékeré ni mo lò. Orin kan ṣoṣo ni mo ń tẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ó dáa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti mọ orin náà. Ṣe ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń wò mí, wọ́n ń jẹun lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe Munir gan-an.

"Àwọn wo ni wọ́n? Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá ni?"

"Rárá o. Àwọn tó ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ ni. Tọmọdé tàgbà wọn."

Ilé pọ̀ lórí òkè l'Ọ̀kà. Munir mi orí.

"Ṣé wọ́n máa ń fún yín ní nǹkan kan?"

"Nǹkan kẹ̀! Wọ́n á jẹ, wọ́n á yó, wọ́n á tún gbé dání lọ. Wọn kì í dúpẹ́."

"Ayé ti bàjẹ́, Bàbá."

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Bàbá Rufus, ti là á mọ́lẹ̀ pé bí tọdún yìí bá tún rí bíi ti èṣí, kí ọkọ òun palẹ̀ mọ́, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun, kó máa ta bisikíìtì. Àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti nà rí ní kíláàsì ni yóò máa rán ọmọ wọn wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń ba bàbá náà dénú egungun.

Munir gbé kọntiróólà kékeré kan sórí tábìlì. "Èyí ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Àwo méjì ló ní. Orin kan á wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan á wà lósì. Ẹ máa ti èyí tó wà láàárín yìí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ọ̀kan bá ń lọ, ẹ̀yin á ti máa gbọ́ ìkejì nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù. Ẹ má wo ti alááwo mẹ́rin yẹn rárá, ó máa dà yín lọ́kàn rú."

"Ètò tí wọ́n ń fi sí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ọmọ mi Ẹwàolúwa wà nílé."

"Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣáà ti fi wáyà so wọ́n pọ̀."

"Ṣé wọn ò sì ní mọ orin tó kàn?"

"Àfi tí ẹ bá sọ fún wọn."

Bàbá Rufus rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó ní kò síná níbi tí òun ti fẹ́ lò ó. Munir fi bátìrì ńlá kan kún un, ó sì béèrè aago tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Aago mẹ́fà àárọ̀. Wọn kì í pẹ́ dé."

Munir la ẹnu. Ó rántí pé ọjà ni òun ń tà, ó pa á dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá náà fi ń wá kọ́ṣẹ́. Ó ń fi rúlà lu tábìlì, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí orin méjèèjì lè bọ́ sójú kan. Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé láti kà, ó ti orin ìsìn wọ inú fújì. Munir di etí méjèèjì.

"Ẹ pa á, Bàbá! Èyí lè lé èèyàn kúrò nílé baba rẹ̀!"

Bàbá Rufus pa á. Ó béèrè ibi tí ọwọ́ òun wà gan-an nígbà tó ṣẹlẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fàlà sí i nídìí. Munir yìn ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tó di Sátidé, Àbẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti fojú ara rẹ̀ rí i. Bàbá Rufus ta tapólì, ó to ẹ̀rọ sórí tábìlì, ó kọjú sípíkà méjèèjì sí òkè. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, wọ́n dé. Àgbà wọn ló ṣáájú, àwọn ìyá tó gbé ọmọ mọ́ àyà tẹ̀ lé e. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n gbà lọ tààrà.

Ó tẹ orin kìíní. Díẹ̀ nínú wọn gbójú sókè, wọ́n sì ń jẹ lọ.

"Bisikíìtì ń dúró dè yín o, Bàbá Ẹwàolúwa," ni Àbẹ̀kẹ́ wí.

Òógùn bo bàbá náà. Ó gé orin náà láàárín, ó tì sí ìkejì, ó yí àwo síwá sẹ́yìn, ó fi ariwo fèrè ọkọ̀ tó wà nínú ètò náà kún un, ó sì já bọ́ sínú ìkẹta láìkà á. Àgbà wọn ló kọ́kọ́ dìde. Àwọn yòókù ò dúró gbọ́ ègbè.

Fóònù dún. Munir ni.

"Bàbá, báwo ló ṣe lọ?"

"Munir, wọ́n sá! Gbogbo wọn pátá! Ẹyọ kan ò ṣẹ́kù!"

"Inná lillahi! Ẹ má sunkún, Bàbá mi. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà padà wá, mo máa gbà á."

"Gbé kí ni padà? Ẹkún ayọ̀ ni mò ń sun! Bá mi wá sípíkà tó jù báyìí lọ, wọ́n lè tún padà wá lọ́la. Ọlọ́run á bù kún ọ."



Bàbá Rufus ki fóònù bọ àpò, ó fi Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń jó sí fújì, ó sì wọ inú oko rẹ̀ lọ ṣa àgbàdo tí àwọn ọ̀bọ jù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá gun òkè.