Fíríìjì Inú Ọkọ̀

Ọkọ mi tún tú fíríìjì kékeré tá à ń gbé sínú ọkọ̀ palẹ̀.

"Yìnyín nísàlẹ̀! Ìgò tó ti pẹ́ lókè, òun la máa kọ́kọ́ lò!"

"Mo ti gbọ́. Má fariwo pa mí."

Aládùúgbò wa gbé ọtí dé. "Ẹ̀yin olùgbádùn! Ẹ bá mi ti tèmi bọ ibẹ̀."

"Ẹ má dán an wò!" Mo ràdọ̀ bo fíríìjì bí adìyẹ.

Fóònù dún. Mo sáré gbé e.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí ọmọ wa wà ni. "Ìyá ọmọ, ẹ má wulẹ̀ gbé omi ọmú inú ìgò wá mọ́. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ máa bọ̀. Agbára ọmọ yín ti gbé ọmú fífà."

Mo figbe ta.

Ọkọ mi ti ṣíná sí mọ́tò. Ó gbàgbé fíríìjì sílẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èmi náà.