Òróró Wà Nínú Báàgì, Omi Kò Sí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sì sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ààwẹ̀ bíi tèmi.

1.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ nígbà náà. Joseph jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Oregun. Òun, Stella ìyàwó rẹ̀ àti Démiládé ọmọbìnrin wọn ń gbé ní Agége, lẹ́yìn ilé búrẹ́dì kan. Òórùn búrẹ́dì ló ń jí wọn láràárọ̀.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ìjọ wọn a máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí òkè àdúrà kan nítòsí Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni wọ́n ń tọ̀ láti Agége, wọ́n á máa sùn ní ilé àlejò lójú ọ̀nà títí wọ́n á fi débẹ̀. Màmá Tófúnmi, àgbà kan nínú ìjọ, ló máa ń kó wọn lọ. Òfin màmá kò pọ̀. Ẹni tó bá lọ́ra jù ni kó ṣáájú, kí gbogbo èèyàn máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Tá a bá dórí òkè, a ó gbààwẹ̀," ni màmá máa ń wí. "Ẹsẹ̀ ò mọ àdúrà, oúnjẹ ló mọ̀."

Lọ́dún yẹn, wọ́n fẹ́ fi Joseph ṣe díákónì. Ó wá ń wá ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ́ rí.

"Ààwẹ̀ gbígbẹ la ó gbà," ó sọ fún Stella bí wọ́n ṣe ń di ẹrù, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi Démiládé sọ́dọ̀ aládùúgbò. "Kò sóúnjẹ, kò sómi, títí a ó fi dórí òkè. Èmi àtìwọ."

"Màmá ní ká má..."

"Ṣé màmá ni ọkọ ẹ ni?"

Stella ṣì ki búrẹ́dì bọ inú báàgì, ó sì fi omi sí i.

2.

Ní ìlú Ìjókò ni wọ́n kọ́kọ́ sùn, nílé àlejò Àlàájà Sùlíyá. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, Joseph kó búrẹ́dì àti omi yẹn jáde, ó gbé e fún àlàájà.

"Ẹ gbà, mà. Ẹ fún àwọn ọmọ ilé."

Àwọn yòókù ń jẹ ẹ̀bà. Nígbà tí wọ́n pe Joseph, ó ní àwọn ti jẹun nínú yàrá. Irọ́ ni. Àlàájà wo ètè Stella.

"Ìyàwó, ètè ẹ ti bó. O ò mumi ni?"

Joseph ló dáhùn. "Ààwẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

"Háà! Àwa náà ń gbààwẹ̀ o, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lórí ìrìn lè jẹun, tó bá délé á san án padà. Ọlọ́run ò ni wá lára."

Joseph rẹ́rìn-ín. "Tiyín nìyẹn, Àlàájà. Tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ wò ó, Ọlọ́run kìlọ̀ fún un. Ẹnu tí ìkìlọ̀ gbà wá ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

3.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú bí iná. Stella ò làágùn mọ́. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Orí ń fọ́ mi, Bàbá Démi."

"Ọ̀tá ló ń dán ẹ wò. Má gbà fún un."

Màmá Tófúnmi bojú wẹ̀yìn. "Stella, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bọ́ síwájú wa, ọmọ mi."

Ojú ti Joseph. Tí ìyàwó díákónì bá wá di ẹni tó lọ́ra jù ńkọ́? "Rárá o, màmá, ara ẹ̀ le. A fẹ́ dúró gbàdúrà díẹ̀ ni. A ó bá yín."

Ta ló máa ní kéèyàn má gbàdúrà? Arákùnrin Dàwódù tiẹ̀ fi ṣàwàdà: "Díákónì, ẹ má gbàdúrà tán ká tó dórí òkè o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ.

Joseph fa ìyàwó rẹ̀ wọ ọ̀nà inú igbó kan, ó ní ẹ̀bùrú ni, àwọn ó yọ síwájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Wọn ò rìn jìnnà tí Stella fi ṣubú.

"Omi," ó ń wí. "Bàbá Démi, omi."

Joseph tú báàgì. Bíbélì wà níbẹ̀. Òróró wà níbẹ̀. Omi kò sí. Ó da òróró sọ́wọ́, ó fi pa á níwájú orí, ó ń pariwo pé, "Dìde! Mo ní dìde!"

Ẹ̀yin ará, ó pẹ́ lẹ́nu ariwo yẹn kó tó sáré wá omi. Ó rí ìyá kan lóko tó fún un ní omi ike. Nígbà tó fi padà dé, eyín Stella ti dì pọ̀. Omi náà ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dànù sílẹ̀.

Níwájú lọ́hùn-ún, Màmá Tófúnmi ti retí wọn títí, kò rí wọn, wọ́n bá ṣẹ́rí padà. Igbe Joseph ni wọ́n tẹ̀ lé. Ilé àlàájà ló sún mọ́ wọn jù, wọ́n bá gbé Stella, wọ́n ń sáré. Kí wọ́n tó débẹ̀, ó ti dákẹ́.

Àlàájà rí wọn lókèèrè. Kò mọ̀. Ó sáré wọlé, ó gbé omi jáde pẹ̀lú búrẹ́dì.

"Mi ò jẹ́ káwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán," ó ní. "Mo ní bóyá ọ̀gá á yí èrò padà. Ẹ bá mi fún ìyàwó jẹ."

Wọ́n tẹ́ Stella sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

4.

Wọn ò fi Joseph ṣe díákónì mọ́. Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì yẹn náà ló ṣì ń gbé. Láràárọ̀, òórùn á wọlé, Démiládé á ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ra búrẹ́dì." Á dìde, á ti fèrèsé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ààwẹ̀ dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n má fi ara ẹlòmíràn ra ẹ̀rí tìrẹ. Ẹ̀yin ìyàwó, tí ara bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu náà sọ ọ́, kó dé etí àgbà. Ọlọ́run tó dá ààwẹ̀ ló dá omi. Ẹ fún ẹlòmíràn kà, kí obìnrin mìíràn má bàa kú sí ẹ̀gbẹ́ ìgò òróró.

Àṣejù, baba àṣetẹ́.