Kíláàsì Tí Èèyàn Ò Pé

Agbaninímọ̀ràn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kọ́kọ́ bu dónọ́ọ̀tì jẹ kó tó wo ojú Rosalind tó jókòó níwájú rẹ̀.

"Áljẹ́bírà kẹ̀? A ti fagi lé e láàárọ̀ yìí. Èèyàn ò pé."

"Ẹni mélòó ló kù kó pé?"

"Ẹnì kan péré."

"Èmi rè é, sà! Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Láìsí i, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò ní gbà mí lọ́dún yìí."

"Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, màdáámù. Ta ló ń kọ orúkọ sínú kíláàsì tí wọ́n ti fagi lé?"

"Ẹ dá a padà nígbà náà."

"Ó di ìgbà tí èèyàn bá pé." Ó nu ṣúgà ẹnu rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ará Toledo ò fẹ́ràn ìṣirò. Ọ̀lẹ pọ́ńbélé!"

Rosalind dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Àwọn tó tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gùn dé ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"Ta ló wá torí áljẹ́bírà nínú yín?" ó pariwo.

Gbogbo wọn nawọ́ sókè.

Agbaninímọ̀ràn na ọrùn wò wọ́n, ó tún bu dónọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ.

"Ẹ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan," ó ní, "kí n lè sọ fún yín pé èèyàn ò pé."