Owó Ọ̀sẹ̀ Aránṣọ

Aránṣọ kò wá sí ìpàdé, nítorí náà ìpàdé wá bá a nílé. Bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n jọ yáwó ni, wọ́n jọ ń san án ni, bí owó ọ̀sẹ̀ ẹnì kan kò bá sì pé, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Agbowó ilé-iṣẹ́ tó yá wọn lówó tẹ̀ lé wọn, ó gbé alùpùpù rẹ̀ ti ògiri.

Ìyá aránṣọ ni wọ́n bá. Ó gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó jókòó lé e, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó ti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní wọ́n kúkú mọ̀ pé ara ọmọ òun kò yá, ó ń sùn, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀.

"Oorun olówó nìyẹn," onídìrí wí. "Àwa tá a jẹ gbèsè, ta ló ń rí oorun sùn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Agbowó ní káfúrà ń rùn nínú ilé. Ìyá ní aáyán ló ń yọ àwọn lẹ́nu. Agbowó kò tún bèèrè mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lábẹ́ fèrèsé ló tẹjú mọ́, torí owó tí wọ́n yá ni wọ́n fi rà á. Ó ní bí owó ọ̀sẹ̀ yìí kò bá pé kí òun tó kúrò níbẹ̀, òun ń gbé e lọ.

Ìyá bẹ̀ ẹ́ pé kó tún òfin wọn sọ, òun kò mọ̀wé. Agbowó kà á wuuru bí ẹni ń ka àdúrà: ẹni tó bá jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ẹni tó bá san tán, ẹ̀rọ di tirẹ̀, ẹni tó bá kú láìjẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ kankan sílẹ̀, wọ́n fi èyí tó kù jì í, ẹ̀rọ di ti ọmọ rẹ̀, ẹni tó bá sá lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò san án.

"Ó ti yé mi," ìyá wí.

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Kò pé. Ló bá kúnlẹ̀ fún àwọn obìnrin tó tó bí lọ́mọ.

"Ìyá, ẹ dìde," alágbàfọ̀ tó jẹ́ olórí wọn sọ. "Ṣé ẹ fẹ́ kó ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn ni?"

Oòrùn ti mú, kálukú ló ní iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Wọ́n ń kùn, wọ́n ń dá a. Onídìrí ló kún un kó tó pé, owó tó fẹ́ fi ra òwú irun. Ó ní kí òun kúkú yọjú kí ọ̀rẹ́ òun. Ìyá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Fi í sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Tó bá dalẹ́, ẹ ó rí i."

Agbowó kọ ọ́ pé ó pé. Ó ní kí wọ́n sọ fún olóorun pé òun kò ní gba àwáwí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sìn wọ́n dé ìta.

Ìgbà tí kò gbọ́ ariwo alùpùpù náà mọ́ ló tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó fọwọ́ ba ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ti tutù láti ìdájí, ó sì ké igbe tó ti ń gbé mì láti àárọ̀.